Íǹṣì Kan Lórí Téèpù

Íǹṣì kan péré ni mo gé. Mo fi ẹ̀mú kékeré yọ irin pẹlẹbẹ tó wà ní orí téèpù náà, mo fi sísọ́ọ̀sì gé íǹṣì àkọ́kọ́ kúrò, mo dá irin náà padà sójú ibi tí mo gé, mo sì fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ títí tó fi dúró gírí. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìgbà tí àwọn yòókù fi ń kọ orin àárọ̀ lórí ìlà lọ. Mo ń gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé yàrá ìránṣọ. Mo tiẹ̀ ń gbọ́ ohùn ẹni tó ni téèpù náà, torí ohùn rẹ̀ máa ń ga ju ti gbogbo wa lọ.

Mo ká téèpù náà bí mo ṣe bá a, mo dá a padà sínú báàgì rẹ̀. Íǹṣì tí mo gé kúrò, mo fi í sínú agolo abẹ́rẹ́ mi. Mi ò ní purọ́ fún yín: inú mi dùn. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo ti ń dúró de àárọ̀ ọjọ́ náà.

Elérìn-ín là ń pe ọmọbìnrin tó ni téèpù yẹn, torí pé eyín rẹ̀ kì í wọlé. Wọn ì báà máa bá a wí, ẹ̀rọ ì báà máa já òwú mọ́ ọn lọ́wọ́, yóò ṣáà máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ọ̀rẹ́ mi ni tẹ́lẹ̀, ká sọ ọ́ bó ṣe jẹ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ wa jẹ́ irú èyí tí wọ́n ti ń kọ́ ìwé láàárọ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lọ́sàn-án. Àwa mẹ́rìndínlógún la yan iṣẹ́ ìránṣọ. Ẹ̀rọ méjìlá ló wà nínú yàrá wa, ṣùgbọ́n méje ló ń ṣiṣẹ́. Márùn-ún yòókù kàn jókòó bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ ni. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ẹ̀rọ kẹta ló máa bá, èyí tó ń jẹ òwú bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ koríko. Áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń tò fún, ìjà rẹ̀ kì í sì í tán. Nítorí náà, ẹni tí kò bá ní ọ̀rẹ́ nínú yàrá yẹn, ó ti rí ìyà. Bí mo bá kọ́kọ́ dé, màá gba ẹ̀rọ kìíní fún èmi àti Elérìn-ín. Bí òun bá kọ́kọ́ dé, òun náà á gbà á sílẹ̀ dè mí. Ọdún méjì gbáko la fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Àárín ọdún kẹta ni olùkọ́ wa ní kí kálukú lọ rán búláòsì kan nílé, tòun ti kọ́là. Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀kì là ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, torí pé ṣọ́ọ̀kì kan máa ń wà létí rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, tí yóò sì tún máa wá ṣọ́ọ̀kì kiri orí tábìlì. Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì rán búláòsì yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tú kọ́là rẹ̀.

Màámi ló ní kí n tú u. Ilé ìwòsàn ni Màámi ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá ìfọṣọ, òun ló ń rán aṣọ ibùsùn tó bá ya. Tó bá fi máa délé, ìka rẹ̀ kì í nà mọ́, kì í sì í fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ nílé mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í sinmi. Yóò gba kọ́là náà lọ́wọ́ mi, yóò gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, yóò ní, "Kò dọ́gba. Tú u." Màá sì tú u. Ẹnu rẹ̀ ló fi rán an, èmi ni mo fi ọwọ́ rán an.

Elérìn-ín wá kí mi lọ́jọ́ Sátidé kan, ó bá Màámi níbi tó ti gbé kọ́là náà sókè tó ń wò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀ kí Màámi, ó mu omi, ó lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa fún wa ní máàkì, Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀kì gbé búláòsì mi sókè níwájú gbogbo kíláàsì. Mo ti ń múra àtidìde fún àtẹ́wọ́.

"Kọ́là yìí," ó ní, "àgbàlagbà ló rán an. Ìyá rẹ ló rán an."

"Ọ̀gá, èmi ni mo rán an."

"Ẹni tó débẹ̀ tó fojú rí ìyá rẹ lórí ẹ̀ ló sọ fún mi. Òdo ni máàkì rẹ. Jókòó."

Mo jókòó. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà: ẹnì kan ṣoṣo nínú kíláàsì wa ló dé ilé wa rí. Mo yíjú sí i. Ó ń wo ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti yí padà. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá-ló-rán-an. "Ìyá-ló-rán-an, wá nu pátákó." "Ìyá-ló-rán-an, ṣé ìyá rẹ náà ló ṣe ìṣirò yìí ni?" Àwọn ọmọ kíláàsì kejì tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan péré ni kò bá wọn rẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin kan tó ń jókòó lẹ́yìn mi tí à ń pè ní Jẹ́jẹ́, torí pé bó bá ń rìn, o ò ní gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó fọwọ́ tọ́ mi léjìká, ó fún mi ní ìdajì òwú rẹ̀.

Mo délé, mo sunkún fún Màámi. Ó jẹ́ kí n sun ún tán.

"Ṣé ìwọ lo rán an?" ó bi mí.

"Èmi ni, mà."

"Ó parí nìyẹn. Ìdánwò àṣekágbá ń bọ̀, ojú gbogbo wọn lo sì ti máa ṣe é. Ọwọ́ rẹ ni wọ́n ní àwọn fẹ́ rí. Jẹ́ kí ọwọ́ rẹ dá wọn lóhùn."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, mà." Irọ́ ni. Nínú ọkàn mi, mo ń sọ pé àwọn àgbàlagbà máa ń sọ̀rọ̀ sùúrù torí pé kì í ṣe àwọn ni wọ́n ń fi orúkọ burúkú pè. Kí ọwọ́ mi dá wọn lóhùn kò tó mi. Mo fẹ́ kí Elérìn-ín náà dúró níwájú kíláàsì, kí aṣọ rẹ̀ wà lókè, kí wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ rí eyín yẹn kó wọlé.

Ẹ wá wo bí mo ṣe ṣe é. Mi ò bá a jà. Mi ò bi í léèrè. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń rẹ́ ẹ sí i. Mo ń gba ẹ̀rọ sílẹ̀ dè é láàárọ̀, mo ń bá a to ìlà áyọ́ọ̀nù. Ó ti rò pé mi ò mọ̀, tàbí pé mo ti gbàgbé. Ní gbogbo ìgbà yẹn, mò ń ka ọjọ́ ìdánwò.

Òfin ìdánwò náà kò ṣòro. Baba Géètì, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wa, ni wọ́n máa ń rán aṣọ fún lọ́dọọdún. Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀kì á wọ̀n ọ́n, á kọ iye rẹ̀ sí pátákó, kálukú á sì fi téèpù tirẹ̀ gé ṣẹ́ẹ̀tì kan, á rán an láti àárọ̀ di ọ̀sán. Wọn kì í yá ara wọn ní téèpù. Tó bá di ọ̀sán, Baba Géètì á wọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú olùyẹ̀wò. Ẹni tó bá gba ipò kìíní ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn aránṣọ máa gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnì kan péré. Bí kì í bá ṣe ọ̀nà yẹn, kò sí ọ̀nà mìíràn tí ọmọ Màámi fi lè dé irú ibẹ̀.

Téèpù tí wọ́n bá ti gé íǹṣì kan lórí rẹ̀, tí o bá fi wọn méjìdínlógún, mẹ́tàdínlógún lo máa gé. Ṣẹ́ẹ̀tì Elérìn-ín máa kéré níbi gbogbo. Ọrùn rẹ̀ kò ní padé. Kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀, torí ta ló ń wo orí téèpù? Ibi tí téèpù bá parí sí ni gbogbo ayé ń wò.

Olùyẹ̀wò dé ní aago mẹ́jọ. Ìyá kan ni, tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, tó so awò ojú mọ́ okùn lọ́rùn, kò sì rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Baba Géètì bọ́ fìlà, ó dúró síwájú, ó na apá.

"Ẹ rọra o," ó ní. "Ẹni tó rán tèmi lọ́dún tó kọjá, díẹ̀ ló kù kó fi kọ́là pa mí. Mo ṣì ní ọmọ tí mò ń tọ́."

A rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀kì fa téèpù rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò gbé ọwọ́ sókè.

"Rárá, Ọ̀gá. Lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn wọ̀n ọ́n fún gbogbo wọn. Ṣebí iṣẹ́ tiwọn náà nìyẹn. Ta ló máa bọ́ síwájú?"

Kí ẹnikẹ́ni tó mí, Elérìn-ín ti dìde, ó ti ń fi téèpù rẹ̀ kọ́ ọrùn bọ̀.

Mo ń wò ó bó ṣe ń fi orí téèpù náà lé eegun èjìká Baba Géètì, tó ń fà á lọ sí èkejì. "Èjìká, méjìdínlógún," ó ké. "Àyà, mọ́kànlélógójì. Gígùn, ọgbọ̀n. Apá, mẹ́wàá. Ọrùn, mẹ́rìndínlógún." Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀kì ń kọ wọ́n sí pátákó tẹ̀lé e. Kò sí ọ̀kan tó pé nínú wọn. Íǹṣì kan ti lé lórí gbogbo wọn, torí íǹṣì tó yẹ kó ṣáájú ti wà nínú agolo abẹ́rẹ́ mi.

Mo jókòó, mo rò ó. Gbogbo kíláàsì máa fi téèpù tó pé gé iye tí kò pé, ṣẹ́ẹ̀tì wọn á sì tóbi. Elérìn-ín ńkọ́? Elérìn-ín kì í pín iye lórí ìwé bíi tiwa, torí òun àti ìṣirò kì í ṣọ̀rẹ́. Bí wọ́n bá ní kí ó pín mọ́kànlélógójì sí mẹ́rin, yóò di ojú mọ́kànlélógójì mú lórí téèpù, yóò ṣẹ́ téèpù po sí mẹ́rin, yóò sì fi ìka mú un lé orí aṣọ. Téèpù tó fi wọn Baba náà ló máa fi wọn aṣọ. Àṣìṣe á pa àṣìṣe rẹ́. Nínú gbogbo kíláàsì, ṣẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ nìkan ló máa bá Baba Géètì mu wẹ́kú. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Èmi ni mo fi iná sí i, òun ni yóò kó sínú ilé tuntun.

Inú bí mi. Mo lè dìde nígbà yẹn. Mo mọ̀. Mo lè sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un wọ̀n," láì tiẹ̀ sọ ìdí rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni. Jẹ́jẹ́ wà lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ lórí aṣọ, ó ti ń fa ìlà sí iye èké. Mẹ́rìnlá ni wọ́n tí kò mọ nǹkan kan.

Mi ò dìde. Mo da iye tó wà ní pátákó kọ sí ìwé mi, mo sì yọ ọ̀kan lára ìkọ̀ọ̀kan wọn. Mẹ́tàdínlógún. Ogójì. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mẹ́sàn-án. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí mo kọ èyí tó gbẹ̀yìn, èrò mìíràn wọlé sí mi, ó sì dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí gbogbo wọn ṣe àṣìṣe. Kí ti Elérìn-ín nìkan pé, àti tèmi. Màá wá ní kí wọ́n yẹ téèpù rẹ̀ wò. Wọ́n á rí i pé wọ́n gé e, wọ́n á sì gbà pé òun ló gé e kó lè rẹ́ gbogbo kíláàsì jẹ. Òdo kọ́ ni yóò gbà, wọ́n á lé e ni.

Mo gé aṣọ mi. Ẹ ò rí bí ọwọ́ mi ṣe dúró ṣinṣin. Kọ́là tí mo rán lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì rán irú rẹ̀ rí. Mo gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ bí Màámi ṣe máa ń ṣe, ó dọ́gba. Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀kì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó dúró, ó wo kọ́là náà, ó wo ọwọ́ mi, ó tún wo kọ́là. Mo rí i pé ó yà á lẹ́nu. Ká ní mo lọ́gbọ́n lórí ni, ibẹ̀ yẹn ni ǹ bá ti mọ̀ pé mo ti borí.

Nígbà tó di ọ̀sán, Jẹ́jẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Baba Géètì wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, èjìká rẹ̀ wọ́ sílẹ̀, ọrùn rẹ̀ yà gbàgà.

"Ṣé ti ẹ̀gbọ́n mi ni èyí?" Baba Géètì bèèrè.

Jẹ́jẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìwé rẹ̀, ó wo pátákó, ó tún wo ìwé rẹ̀, omi ti ń dé ojú rẹ̀. Èkejì tóbi. Ẹ̀kẹta tóbi. Olùyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ sí fajú ro. Wọ́n pe Elérìn-ín: ṣẹ́ẹ̀tì náà jókòó sára Baba Géètì bí awọ ara rẹ̀. Wọ́n pe mẹ́fà mìíràn, gbogbo rẹ̀ tóbi. Wọ́n pè mí. Baba Géètì yí ọrùn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Háà. Èyí ni kí ẹ bá mi dì lọ sílé." Àwọn tó kù lẹ́yìn mi, gbogbo tiwọn náà tóbi.

"Ọ̀gá," olùyẹ̀wò wí, "èèyàn mẹ́rìnlá ṣe àṣìṣe kan náà, èèyàn méjì ò ṣe é. Irú èyí kì í ṣàdédé ṣẹlẹ̀."

Ká ní mo pa ẹnu mi mọ́! Ṣùgbọ́n ẹ̀san tó bá ti ń pani bí ebi kì í jẹ́ kéèyàn pa ẹnu mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," mo ní, "ẹ yẹ téèpù Elérìn-ín wò."

Olùyẹ̀wò gba téèpù rẹ̀, ó fi tirẹ̀ tì í lórí tábìlì. Íǹṣì kan ló wà láàárín wọn. Gbogbo kíláàsì rọ́ wá síwájú. Ó ṣàlàyé fún wọn bí mo ṣe ti ṣàlàyé fún ara mi láàárọ̀: bó ṣe jẹ́ pé téèpù gígé ló bí iye èké, bó sì ṣe jẹ́ pé ẹni tó ni téèpù náà nìkan ni kò pa lára.

"Ìwọ!" Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀kì gbá tábìlì. "O gé téèpù kí o lè ba ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ jẹ́?"

"Ọ̀gá, mi ò gé e! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mi ò gé e!"

Eyín rẹ̀ wọlé. Mo rí i. Àwọn kan ń pariwo pé kó jáde, ẹnì kan ti ju ṣẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ méje dúró dè nìyẹn, ó sì dùn. Ìṣẹ́jú méjì ni adùn rẹ̀ tó, bóyá ni kò dín.

Olùyẹ̀wò kò pariwo. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó wá yíjú sí mi.

"Ìwọ, mú téèpù rẹ wá. Mú ìwé rẹ náà wá."

Ó wọn téèpù mi. Ó pé. Ó ka ìwé mi, ó ka pátákó.

"Téèpù tìrẹ pé," ó ní. "Bí o bá tẹ̀lé iye tó wà ní pátákó bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ ìbá tóbi. Kí ló dé tí kò tóbi?"

"Mo... mo fojú wo Baba ni, mà. Mo rí i pé wọn ò sanra tó bẹ́ẹ̀."

"O fojú wò ó. Ojú rẹ yọ íǹṣì kan lára èjìká. Ó yọ ọ̀kan lára àyà. Ó yọ ọ̀kan lára gígùn, ọ̀kan lára apá, ọ̀kan lára ọrùn." Ó ń fi ìka tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ìwé mi. "Ọmọ mi, ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ránṣọ. Mi ò tíì rí ojú tó ń yọ íǹṣì kan géérégé lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ti gé téèpù yìí kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò, òun ló gé e."

Baba Géètì, tó ṣì wọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹni ìkẹyìn, bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ ọ. Mo wẹ̀yìn, mo rí Jẹ́jẹ́. Kò bínú. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ìyẹn ló ṣí ọwọ́ mi. Mo ṣí agolo abẹ́rẹ́ mi, mo mú íǹṣì náà jáde, mo gbé e sórí tábìlì. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Wọ́n fagi lé ìdánwò mi. Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa ní kí n lọ jókòó sílé títí di ọdún tó ń bọ̀, kí n wá tún kíláàsì kẹta ṣe pẹ̀lú àwọn tó ń pè mí ní Ìyá-ló-rán-an láì mọ ìdí rẹ̀. Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù tún ìdánwò ṣe lọ́sẹ̀ kejì. Jẹ́jẹ́ ló gba ipò kìíní. Mo gbọ́ pé ó rọra rìn lọ gba ìwé rẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo wá kó ẹrù mi, mo bá Elérìn-ín níbi ẹ̀rọ omi. Òun náà ò rẹ́rìn-ín.

"Èmi ni mo sọ fún Ọ̀gá," ó ní. "Mo rí ìyá rẹ tí wọ́n gbé kọ́là náà sókè, mo mọ̀ pé wọn ò rán an. Ìlara ló mú mi. Mo ti pinnu pé tí ìdánwò bá ti parí, màá sọ òótọ́."

"Lọ sọ ọ́ báyìí."

"Mo ti sọ ọ́ lánàá. Ọ̀gá ní kí n má dáàbò bò ọ́. Wọ́n ní ẹni tó lè gé téèpù, kí ni kò lè ṣe."

Mo dúró níbẹ̀, omi ń dà sílẹ̀, mi ò rántí láti pa á. Mi ò mọ̀ títí di òní bóyá lóòótọ́ ló ti pinnu kó tó di ọjọ́ ìdánwò, tàbí ojú ló tì í. Mi ò lè mọ̀ ọ́n mọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, èmi ni wọ́n ṣẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, èmi ni ẹlẹ́ṣẹ̀.

Màámi kò nà mí, kò sì pariwo. Ó jókòó sórí àga, ó gbé ìka rẹ̀ tí kò nà mọ́ lé orí itan, ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán.

"Kọ́là tí o rán níbẹ̀," ó bèèrè, "ó dọ́gba?"

"Ó dọ́gba, mà."

"Ọ̀gá rẹ rí i?"

"Wọ́n rí i."

"Mo ní kí o jẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ rẹ," ó ní. "Wọ́n sì rí i lóòótọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lórí ìjókòó kíláàsì, tí ẹnì kan ti ṣẹ̀ yín, mi ò ní kí ẹ má bínú. Èmi náà ṣì ń bínú. Irọ́ tí Elérìn-ín pa mọ́ mi, irọ́ ni títí ayé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ aláre, ẹ di àre yín mú, ẹ má fi ẹ̀san pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀san kì í dúró lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí. Ó máa gba ara àwọn tí kò ṣẹ̀ yín kọjá, yóò sì padà wálé wá bá ẹni tó rán an. Ọwọ́ méjì yìí ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí mo ní, mo sì fi wọ́n gé e kúrò. Íǹṣì kan péré ni.